Aṣọ Funfun Tí Tíṣà So Mọ́ Wa Láyà

Ọjọ́ tí tíṣà wa, Ìyáàfin Adéṣínà, so aṣọ funfun mọ́ wa láyà kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bí èéfín tí à ń fà símú lọ́nà ilé-ìwé ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ní kí àwa kan gba títì tírélà, kí àwọn yòókù gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi àti Bọ́sẹ̀, àbúrò mi tó ní ikọ́ fée, gba títì. Bí tírélà kan ṣe tú èéfín lé wa lórí, Bọ́sẹ̀ kò lè mí mọ́. Mo pọ̀n ọ́n, mo sáré dé ilé-ìwé, mo ń ké pé, "Ẹ gbà mí o!" Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ilé-ìwé fún un ló gbà á là.

Nígbà tí bàbá mi dé láti wáàfù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tíṣà fi aṣọ wa hàn wọ́n. Ó ti dúdú. Tàwọn tó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣì funfun.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ohun tó wọ inú ọmọ yín láàárọ̀ yìí nìyí."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n mú aṣọ yìí lọ han àwọn òbí yòókù."

Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa ń gbà. Kí ọdún tó parí, Bọ́sẹ̀ sáré ìje, ó ṣe ipò kẹta, bàbá mi sì gbé e lé èjìká yí pápá ká.