Wọ́n Gbin Fúrẹ́ẹ̀sì Bí Iṣu

Ìdí fúrẹ́ẹ̀sì mẹ́sàn-án ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Kò fi ilẹ̀ sílẹ̀, kò fi aṣọ gidi sílẹ̀. Ọgbà àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì kan nítòsí Àrìgbò ló ń tọ́jú títí ó fi kú, ibẹ̀ ló sì ti rí irúgbìn náà. Èso òyìnbó tó ń so nítòsí ilẹ̀ ni; ó pupa, kò tóbi ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n bí o bá já márùn-ún, òórùn rẹ̀ á kún yàrá. Mo gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná wa, níbi tí àpáta ń ṣíji bò láti ọ̀sán, torí oòrùn wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìyá mi ti sọ fún mi pé irú èyí kì í na okùn káàkiri bí ànàmọ́. Ojú kan ló máa ń dì sí, tí á máa bímọ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Bó bá pé ọdún mẹ́ta, àárín rẹ̀ á le bí igi, èso á dínkù. Nígbà náà, kí n hú u lásìkò òjò, kí n fi ọ̀bẹ là á, kí n sọ àárín nù, kí n sì gbin àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ bo ọ̀mùnú wọn. Bí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á kú.

Ọdún kẹta pé. Òjò rọ̀. Mo hú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sílẹ̀, mo sì ti mú ọ̀bẹ láti fa àárín àkọ́kọ́ yọ nígbà tí ìyá ọkọ mi dé. Ọmọ ìlú Kpingni ni wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ iṣu gbìn tó wọn nínú agbo ilé wa. Àwọn obìnrin ilé jókòó nítòsí, wọ́n ń pa ẹ̀pà. Ìyá ọkọ mi gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

“Ìyàwó, ta ló ń sọ orí nù, tó ń gbin ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́? Orí ni iṣu fi ń padà wá. Ìwé ò kọ́ ọ nìyẹn?”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi fi kún un pé abájọ tí ọmọ mi fi wà ní ọ̀kan ṣoṣo, mi ò mọ ohun tí à ń pa mọ́.

Oyún bàjẹ́ lára mi nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ìyá ọkọ mi yìí gan-an ló bá mi fọ aṣọ tí mo fi nu ẹ̀jẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ìyá mi wí. N kò sọ. Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bó àwọn ọmọ tútù kúrò bí ẹni bó èèpo, tí wọ́n ń jù wọ́n sórí ààtàn. Wọ́n kọ ebè kéékèèké mẹ́sàn-án, wọ́n ri àwọn àárín gbígbó náà mọ́lẹ̀ bí èbù, wọ́n sì fi ewé gbígbẹ dé wọn lórí. Mo bu omi fún wọn láti fọwọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Lọ́sàn-án, mo ṣa àwọn ọmọ lórí ààtàn, mo gbìn wọ́n sínú abọ́ ńlá kan tó ti là, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn balùwẹ̀.

Láràárọ̀ ni ìyá ọkọ mi ń bomi rin ebè wọn, ọwọ́ kan lórí ọ̀pá, ọmọ mi ń bá wọn gbé kẹ́tùrù. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń sọ fún un pé èbù mìíràn máa ń pẹ́ kó tó jí, kó má kánjú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti ń bomi rin ín. Èmi ń dáná, mò ń wò wọ́n. Kí n má purọ́, ó ń dùn mọ́ mi.

Nígbà tí abọ́ mi yọ òdòdó, mo dúró de ọjọ́ tí àwọn obìnrin ọjọ́sí tún pé jọ. Mo gbé e síwájú wọn. Mo fi ọwọ́ tú ebè kan: ohun tó wà níbẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn.

“Ìyá, àwọn tí ẹ sọ nù rèé. Ohun tó ti gbó, bí a bá tún un gbìn, jíjẹrà ló ń jẹrà.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi wo abọ́ náà, wọ́n wò mí.

“O ti mọ̀ láti ọjọ́ náà?”

“Mo mọ̀.”

“O wá ń wò mí bí mo ṣe ń pọnmi.”

Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n dìde. Láti ọjọ́ náà, wọn kò wá sẹ́yìn ilé ìdáná mọ́.

Nígbà tí èso àkọ́kọ́ pọ́n, ọmọ mi já mẹ́ta fúnra rẹ̀, ó sáré gbé e lọ fún ìyá bàbá rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń lọ, n kò pè é padà. Mo ń retí. Ó padà dé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì dì, omi pupa ń kán láàárín ìka.

“Màmá, wọ́n ní kí n kó o fún yín. Wọ́n ní ohun tó ti gbó kì í jẹ tuntun.”

Ó na ọwọ́ sí mi. Mo gbà wọ́n, mo jẹ wọ́n lójú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dùn.