Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Lẹ́nu Ọ̀nà Aládùúgbò

Mo ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn nímọ̀ràn láyé mi, àwọn tó fẹ́ àti àwọn tí kò fẹ́. Olùkọ́ ni mí, ẹnu mi kì í sinmi. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí mo fi ń yangàn jù lọ, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti gba obìnrin kan tí n kò rí rí, ní sàíbà kafé kan ní Ìkọ̀lé, ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìyá mìíràn kọ̀wé sí mi láti oríṣiríṣi ilẹ̀, mo sì dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ìtapàjí ni mò ń gbé nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí kì í sọ̀rọ̀. Ó rẹwà, etí rẹ̀ dá ṣáká, ó mọ ibi tí mò ń fi ṣúgà pamọ́ sí ju èmi fúnra mi lọ, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀, kì í wo ènìyàn lójú, bí ẹnikẹ́ni bá sì pariwo mọ́ ọn, á di etí, á fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Dókítà kan ní Adó ló sọ fún mi pé ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é, pé kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àrùn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ wò.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni omi. Ọmọ náà fẹ́ràn omi ju oúnjẹ lọ, odò ńlá tí ìjọba sé sì wà nítòsí ìlú wa. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọlọ́kadà kan rí i lójú ọ̀nà odò yẹn, ó gbé e, ṣùgbọ́n kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ọmọ kò sì lè sọ. Ó gbé e kiri títí ó fi gbé e dé Ìkọ̀lé, ìrọ̀lẹ́ la tó rí i ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹbí ọkọ mi ní kí n máa tì í mọ́lé, kí ojú má baà máa ti àwọn. Inú bí mi gan-an. Ewúrẹ́ ni à ń so mọ́lẹ̀, kì í ṣe ọmọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọ aṣọ Kérésì fún un, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́ ní àdúgbò wa. Kò sí ibi tí a kò dé: ilé Onígbàgbọ́, ilé Mùsùlùmí, ìdí àwọn ọlọ́kadà, títí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ odò. Ohun kan náà ni mò ń sọ: "Ọmọ mi rè é. Kò ní kí yín, ẹ má bínú sí i, ẹnu rẹ̀ ni kò tíì là. Bí ẹ bá rí i lápá ibi omi, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ rọra dúró, kí ẹ na ọwọ́ sí i, á dì í mú. Ẹ wá mú un wá sílé fún mi."

Ẹni tó bá mọ Èkìtì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ọmọ tí kò bá kí àgbà láàárọ̀, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Bàbá arúgbó kan ní òdìkejì ilé wa wò mí, ó wo ọmọ, ó ní, "Bí kò bá lè kí mi, èmi a máa lọ kí i nulé rẹ̀." Ó sì ń wá lóòótọ́, láràárọ̀, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi yòówù tí ọmọ mi bá rìn dé, ẹnìkan á mú un padà wálé. Mo ń fi ṣakọ lójú ẹbí ọkọ mi, n kò fi bò rárá.

Dókítà yẹn náà ló sọ fún mi pé àwọn òbí irú ọmọ báyìí ní ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí ara wọn. Bí mo ṣe di èrò Ìkọ̀lé ní Sátidé nìyẹn, tí mò ń fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ibẹ̀ ni mo ti ka ọ̀rọ̀ obìnrin ará Kánádà kan. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ kì í ṣí láti lọ síbi adágún omi tó wà nítòsí ilé wọn. Wọ́n ti bá a rí níbẹ̀ tí omi ti dé orúnkún rẹ̀. Obìnrin náà ní òun kì í sùn mọ́. Gbogbo àwọn tó dá a lóhùn ń sọ ti àgádágodo àti aago tí ń dún lára ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba aládùúgbò.

Mo jókòó, mo kọ̀wé sí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀ àti gbogbo ará ilé rẹ̀, mo súre fún ọmọ rẹ̀ lórúkọ Olúwa, mo ní olùkọ́ ni mí ní Nàìjíríà, pé mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan láti bá a sọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni mo tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn aládùúgbò. Nígbà tí mo padà dé ní Sátidé kejì, àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ ti yọ ìwé mi kúrò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún obìnrin náà pé kó má dá mi lóhùn, pé báyìí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ Nàìjíríà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìwé wọn, pé bó pẹ́ bó yá màá béèrè nọ́ńbà báńkì rẹ̀. Àṣé ìkíni mi ló sọ mí di olè.

Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ojúgbà mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n tún un kọ, kí n yọ ìkíni kúrò, kí n má sì dárúkọ Nàìjíríà. Mo kọ̀. Mo ní n kò ní fi ilé mi pamọ́ kí n tó lè sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Omi kò ní dúró dìgbà tí wọ́n bá tó gbà pé n kì í jalè.

Mo tún kí i, mo tún kọ̀wé: "Ọmọ Nàìjíríà ni mí. N kò fẹ́ owó yín. Mo ní owó oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Omi wà nítòsí ilé yín, omi wà nítòsí ilé mi. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí èsì rẹ̀ nínú ímeèlì mi. Ìlà kan ṣoṣo ni: "Kí ni ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́?"

Orí mi wú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, pé lọ́dọ̀ àwọn, ènìyàn kì í dédé kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò mọ̀. Mo bi í bó ṣe jẹ́ pé òjò kan náà ló ń pa wọ́n láti ọjọ́ yìí tí wọn kò mọ ara wọn. Mo bá a wí díẹ̀, bí mo ṣe ń bá ọmọ kíláàsì mi wí, kò sì bínú. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó sún mọ́ omi jù.

Ó lọ. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan ló ń dá gbé níbẹ̀, pé kò ní kí àwọn wọlé, ó kàn dúró, ó gbọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní ojú ti òun, òun kò ní dán an wò mọ́. Mo sọ fún un pé ẹni tó gbọ́ ti gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ̀wé mọ́. Sátidé ń lọ, Sátidé ń bọ̀, mò ń ṣí ímeèlì, n kò rí nǹkan kan. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ń rò ó pé omi ti gbé ọmọ náà lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìwé obìnrin náà dé. Ọmọ náà ti jáde láàárọ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní balùwẹ̀. Adágún ti di yìnyín, ṣùgbọ́n yìnyín náà kò tíì nípọn, ọmọ sì ti gun orí rẹ̀. Bàbá yẹn rí i láti ojú fèrèsé. Ó jáde tòun ti sálúbàtà inú ilé, ó rọra rìn dé etí omi, ó dúró, ó na ọwọ́. Ọmọ náà wò ó títí, ó yí padà, ó wá dì í mú. Bàbá náà sọ pé ká ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ìyá ọmọ wá sọ lẹ́nu ọ̀nà òun lọ́jọ́sí ni, òun ì bá pariwo, ọmọ ì bá sì sáré lọ sí àárín yìnyín. Ìyá rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ síta, níbi tí àwọn tó pè mí lólè ti máa kà á. Ó ní obìnrin Nàìjíríà yẹn ló kọ́ òun ní ohun tí òun sọ.

N kò lè jókòó mọ́. Mo jáde sí ojú títì, mo di orí mú, mo bú sẹ́kún. Ìyá kan tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kafé fi ọbẹ sílẹ̀, ó sáré wá dì mí mú.

"Yèsí ló kú nulé rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kú, màmá," mo ní. "Ọmọ kan ni ikú fẹ́ mú, kò rí i mú."

Kò bi mí pé ọmọ ta ni. Ó ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ó fa àpótí rẹ̀ fún mi kí n jókòó, ó sì bó ọsàn kan fún mi.