Ọwọ́ Òsì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọdún tí mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó ni mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkẹjà lọ sí Kàdúná. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì kan ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kan ara wọn, nítorí pé ẹni tí mo fẹ́ tọrọ àbúrò rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí a jọ gun kẹ̀kẹ́ náà.

Alápatà ni, mùsùlùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń ta ẹran ní Agége, níbi tí kò jìnnà sí ibi tí rélùwéè ti ń já màlúù Òkè-Ọya sílẹ̀. Bàbá wọn ti kú, ìyá wọn wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà òun ló dúró bíi bàbá fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń ránṣọ ní Dòpémú. Èmi ní tèmi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, oníṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ní Ìkẹjà. Nígbà tí mo lọ bá a pé mo fẹ́ fi àbúrò rẹ̀ ṣe aya, ó ń gé ẹran lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́ yìí dé ná." N kò mọ̀ bóyá ó gbà ni tàbí ó kọ̀. Mo bi ọmọbìnrin náà, ó ní òun náà kò mọ̀, pé bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn nìyẹn.

Eré náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọkùnrin mẹ́rin àti lọ́rì kan. Ẹnìkan á gun kẹ̀kẹ́ dé ibi tí wọ́n dá fún un, á fa ọ̀pá kékeré kan lé ẹni kejì lọ́wọ́, ẹni kejì á gbéra, lọ́rì á sì gbé àwọn yòókù síwájú kí wọ́n lọ dúró. Tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀, títí a ó fi dé Kàdúná. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, yàtọ̀ sí èmi àti alápatà, káfíńtà kan wà láti Onígbòǹgbò tó jẹ́ ojúgbà mi, àti òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tí kì í sọ̀rọ̀. Káfíńtà ló gbẹ́ ọ̀pá wa. Igi ìrókò ni, ó fá a títí ó fi ń dán. Fọ́máànù mi níléeṣẹ́ ni olórí wa, òun ló sì ń kọ́ wa ní títì Dòpémú bí a ó ṣe máa fa ọ̀pá lé ara wa lọ́wọ́ láìdúró.

Apá òsì títì la máa ń gbà nígbà náà. Ẹni tó ń retí ọ̀pá á wà létí títì, á ti máa rọra wa kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á gba ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń retí kọjá. Ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ ọ̀tún lẹni tó ń gbà á fi gbà, ọwọ́ òsì sì lẹni tó ń fúnni á fi fúnni. Kò sí bí a ṣe lè yí i. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ní òun ó gba apá kejì, inú iyanrìn àti gọ́tà ló máa bá ara rẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀ràn. Alápatà ju mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì ti ń wá ìyàwó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo na ọ̀pá sí i, ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni." Òun náà dáhùn láìwẹ̀yìn: "Mo gbọ́, mú un wá!" Láti ọjọ́ náà, a kì í fa ọ̀pá lé ara wa lọ́wọ́ láìsọ ọ́.

Fọ́máànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó ní, "Ṣé ẹ wá kí ara yín ni àbí ẹ wá sáré? Àwọn ará Ìbàdàn á ti dé Kàdúná, ẹ̀yin á ṣì máa bẹ ara yín!" Káfíńtà ní kó fi mí sílẹ̀, pé ọkọ ìyàwó ń dọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni. Inú bí mi, mo ní kó lọ máa gbẹ́ pákó rẹ̀.

A gbéra ní Ìkẹjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Alápatà ti bẹ fọ́máànù pé kó jẹ́ pé òun lòun máa gun láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, kí àwọn ènìyàn òun lè rí òun. Ó ti ránṣẹ́ sílé. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé ọ̀pá bá a láti Ọ̀yọ́. Eruku wọ̀ mí lójú, ètè mi bẹ́, ṣùgbọ́n ara mi le lọ́jọ́ náà, n kò ní parọ́. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà níwájú wa, mo sì ti ń rí ẹ̀yìn ẹni tó ń gun tiwọn. Mo ń rò ó pé bí a bá gba ife-ẹ̀yẹ yìí, ta ló máa fi ọmọ dù mí?

Létí ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo rí èrò. N kò mọ̀ pé alápatà lókìkí tó bẹ́ẹ̀ nílé. Àwọn àgbà jókòó lórí bẹ́ńṣì, àwọn ọmọ iléèwé ń pariwo, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ dúró níwájú gbogbo wọn. N kò rí i rí, ṣùgbọ́n ojú ọmọbìnrin tí mo ń fẹ́ ni mo rí lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n. Alápatà ti ń rọra wa kẹ̀kẹ́ lọ, ó ti na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Mo mú ọ̀pá sọ́wọ́ òsì. Mo la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ wa, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Ariwo wọn ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni orí mi ti dàrú. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "ẹ má bínú" nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló máa rí ọwọ́ òsì. Ìyá rẹ̀ máa rí i. Á ní irú ọmọ wo nìyí, tó ń na ọwọ́ òsì sí àgbà lójú ìyá tó bí i? Ni mo bá pààrọ̀ ọwọ́. Mo mú ọ̀pá sọ́wọ́ ọ̀tún, mo nà án gba iwájú àyà mi kọjá, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì yí bìrí. Táyà iwájú mi kọ lu táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Àwa méjèèjì bá ara wa nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ wà lórí wa, ọ̀pá ìrókò yí lọ sábẹ́ bẹ́ńṣì àwọn àgbà.

Òun ló kọ́kọ́ dìde. Ó wá ọ̀pá náà jáde, ó tì í bọ inú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń wú. Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ta lọmọ tó ṣubú lù ọ́ yìí?" Ó wò mí. Ó ní, "Ìjẹ̀bú kan ni, Ìyá." Ó gun kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ òsì nìkan dì í mú, ó kọrí sí Ìlọrin.

Ìjẹ̀bú kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju orúnkún mi tó bó lọ. Nínú lọ́rì, fọ́máànù kọ ẹ̀yìn sí mi. Káfíńtà ní, "O ò bá kúkú sọ̀ kalẹ̀ kí o dọ̀bálẹ̀ tán."  Alápatà dé Ìlọrin pẹ̀lú ọwọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè gùn mọ́ lẹ́yìn náà, àwa mẹ́ta yòókù la pín ọ̀nà tirẹ̀ gùn. Nígbà tí a dé Kàdúná, ẹgbẹ́ mẹ́ta ti dé, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n sì ti ń jẹun. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó màlúù bọ̀ ní Agége ló gbé wa padà. Ní gbogbo ibi tó bá ti dúró, alápatà á sọ̀ kalẹ̀ lọ wo màlúù. Tó bá padà wọlé, kò ní wo ọ̀dọ̀ mi.

Ẹni tó ń to eegun ní Agége fi pákó pẹlẹbẹ di ọwọ́ náà, ó ní kò gbọdọ̀ fi ṣe ohunkóhun. Alápatà kò lè jókòó sílé, ó mú ọ̀bẹ sọ́wọ́ òsì. Ìyẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá kan ní, "Alápatà, ṣé èmi lo ń na ọwọ́ òsì sí láàárọ̀ kùtù yìí?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ìjẹ̀bú kan tó ń sá fún ọwọ́ òsì ló gba ọ̀tún lọ́wọ́ mi." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn kọjá sọ́dọ̀ alápatà kejì.

Àbúrò rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ó ní, "Ká ní o fi ọwọ́ òsì fún un lọ́jọ́ náà ni, ìyá mi nìkan ni ì bá bínú. Ní báyìí, gbogbo Agége ló ń bínú." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì bí mi nínú bí òótọ́ ṣe máa ń bí ènìyàn nínú. Mo bẹ fọ́máànù kó fi mí sí ṣíìfù ọ̀sán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ dúró níwájú àtẹ ẹran, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Alápatà á fi òsì gé e, èmi á fi ewé pọ́n ọn, èmi á fi ọ̀tún nà án sí oníbàárà. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ kò ju orúkọ ẹran lọ. "Ṣàkì." "Ẹ̀dọ̀." "Egungun." Nígbà tó yá, ẹnìkan bi í pé ta ni mí. Ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún mi nìyẹn," ó sì ń gé ẹran rẹ̀ lọ.

Pákó kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìyá wọn fi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá wò ó. Wọ́n ní kí n mú àgbà ilé mi kan wá. Àbúrò bàbá mi tẹ̀ lé mi. Ó ń kùn lójú ọ̀nà pé mùsùlùmí ni wọ́n, mo ní ṣé mùsùlùmí kì í bímọ tó dára ni.

Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ṣubú lu ọmọ mi?"

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá."

"Kí ló dé tí o fi pààrọ̀ ọwọ́?"

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Nítorí tiyín ni, Ìyá. Ariwo pọ̀. Ẹ kì bá gbọ́ bí mo bá ní ẹ má bínú."

Ó ní òun rí i. Gbogbo èrò ló ní ẹmu ló ń pa mí, òun nìkan lòun rí ọwọ́ tí mo pààrọ̀.

Alápatà dìde. Ó pe àbúrò rẹ̀ jáde. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, nítorí ọ̀tún ṣì wà nínú pákó, ó sì nà án sí mi. Ó wá rántí. Ó wo ọwọ́ òsì náà, ó wo ojú mi, òun ọkùnrin tó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Má bínú o. Ọwọ́ òsì ni."

Ó yẹ kí n dáhùn pé mo gbọ́, kó mú un wá.  Ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo wọn, mo da ojú délẹ̀, mo sì ń sunkún bí ọmọdé. Òkè orí mi ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá wọn.

Ó ní, "Dìde, gba ohun tí wọ́n nà sí ọ, kó má tún bọ́ sílẹ̀."