Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun tí mo fi oríkunkun rà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lórí AC ọkọ̀.

Ẹ mọ ọkọ̀ mi, arúgbó ni. Ẹ sì mọ Àríkẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ní ásímà. Bó bá fa éèfín ọ̀kadà díẹ̀ báyìí, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Torí náà, tí a bá ti fẹ́ gba Ọjà'ba kọjá, gíláàsì á wà ní títì pa, AC á máa ṣiṣẹ́. Òfin wa nìyẹn!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nísàlẹ̀ Màpó ni AC bá kú. Mo ṣí gíláàsì, éèfín rọ́ wọlé. Mo tún un tì, ooru bò wá. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, mo fi ínhélà sí i lẹ́nu, mo ń tẹ họ́ọ̀nù bíi wèrè. Ọlọ́run ló kó wa yọ.

Bọ̀dá Múfú tó ń tún AC ṣe ní Bẹẹrẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ọkàn AC gan-an, ló ti bàjẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà: ká ra tuntun inú páálí, tàbí kí òun tú èyí tó bá ọkọ̀ wá, kí òun pààrọ̀ àwọn nǹkan tó ti jẹ nínú rẹ̀. Ó ní ara kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà ṣì le dáadáa.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi! Èmi, kí n fi àtúnṣe dán ẹ̀mí ọmọ mi wò?

"Bọ̀dá Múfú, tuntun ni mo fẹ́. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ àtúnṣe mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àríkẹ́, ẹ̀yin lẹ lọkọ̀. Ẹ lọ rà á wá."

Mo lọ rà á fúnra mi. Ó ń dán gbinrin! Kí ẹni tó tà á tó gbé e fún mi, ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí i lára. Bí àwọn tó ń ta pátì ọkọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, kí oníbàárà má baà gbé òmíràn padà wá bá wọn. Mo gbé e mọ́ra bí ìkókó.

Bọ̀dá Múfú ní kí n bá òun fi àkísà tí òun rẹ sínú bẹntiróòlù nu epo ara kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà. Mo ń nù ún, ọ̀dà dúdú ń bá àkísà lọ. Kí ni mo rí lábẹ́ ọ̀dà? Kútẹ́ẹ̀sì! Àwọ̀ ewé!

Mo yí i padà. Pupa tí wọ́n fi sí i níṣojú mi ṣì wà níbi tó wà. Ta ló wá fi ti àwọ̀ ewé síbẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń ta tuntun lẹ́ẹ̀mejì ni? Mo jókòó sílẹ̀. Èyí ni ǹ bá gbẹ́kẹ̀ lé gbé ọmọ mi gba Ọjà'ba!

Mo gbé e padà. Ọkùnrin náà fẹ́ sọ pé kì í ṣe tòun, mo bá nàka sí kútẹ́ẹ̀sì pupa rẹ̀. Ó ń kólòlò! Mo pariwo títí àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀ mí, ó sì dá owó mi padà.

Mo wá ní kí Bọ̀dá Múfú tú tèmi, àmọ́ níṣojú mi ni. Mo fa àga síbẹ̀, mo rí gbogbo ohun tó yọ àti ohun tó fi dípò. Síbẹ̀, n ò ní purọ́, ọkàn mi ò balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tún gba ìsàlẹ̀ Màpó, ibì kan náà ni ọkọ̀ tún ti há. Ọ̀kadà yí wa ká, éèfín ṣú. Ínhélà wà lọ́wọ́ mi, mò ń wo àyà ọmọ mi nínú díńgí. Ó dákẹ́ jù. Mo bi í pé kí ló dé.

"Mọ́mì, òtútù ń mú mi."

Mo bú sẹ́kún!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àtúnṣe méjì ni mo wà láàárín wọn látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́wọ́ pé àtúnṣe lòun, mo bínú sí i. Èkejì wọ inú páálí, mo gbé e mọ́ra. Ẹ má torí páálí ra nǹkan o, ẹ nù ún wò kẹ́ ẹ tó sanwó!

Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ ti rà ní tuntun tí kì í ṣe tuntun? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wá súwẹ́tà fún Àríkẹ́.