Láti Tòróńtò sí Ìkẹjà, Wákàtí Mọ́kànlá

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde láyé ní Ajárá, ní Àgbádárìgì. Mùsùlùmí ni wá, a kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àáfà ní ọjọ́ náà gan-an ni a ó sin ín.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Tòróńtò, ní ilẹ̀ Kánádà. Ẹkún ló fi bẹ àbúrò bàbá rẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, kí wọ́n tó bo ojú màámi, ẹ fi fídíò pè mí kí n wò wọ́n." Àwọn àgbà ilé gbà kó wò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya àwòrán òkú pamọ́.

Àbúrò bàbá yìí, olórí ẹbí ọkọ, ń ta fíríìjì àlòkù ní Mọ̀rògbò. Ẹ̀ẹ̀kan ló wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, nígbà tó lọ sí Mẹ́kà. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe bí ẹni pé òun ló wà á. Ó tẹ orúkọ pápá ọkọ̀ òfuurufú Tòróńtò àti ti Ìkẹjà sínú fóònù, ó wo ohun tó gbé jáde, ó wú bí ọ̀pọ̀lọ́ ìgbà òjò.

"Fídíò kẹ̀? Wákàtí mọ́kànlá péré ni! Tètè máa bọ̀. A ó dúró dè ọ́ títí di àárọ̀ ọ̀la. Ojú ara rẹ ni wàá fi rí i."

Mo rọra ṣàlàyé fún un pé bí ẹyẹ ṣe ń fò tààrà ni fóònù kà á. Kò ka pípààrọ̀ ọkọ̀ ní ìlú mìíràn, kò sì ka ọ̀nà Ìkẹjà sí Àgbádárìgì.

Ó yíjú sí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. "Ẹ gbọ́ Tíṣà o! Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì ń fi rúlà wọn máàpù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ́ ọmọ kan rí tó rò pé òkun kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, torí bó ṣe rí nínú máàpù. Ṣùgbọ́n ọmọdé nìyẹn, ojú sì tì í nígbà tí mo ṣàlàyé. Ti bàbá yìí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Torí pé òun ni olórí ẹbí, Àáfà gbà láti dúró di àárọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, a kò rí ọmọ. Àáfà kò dúró mọ́. A pè é kó lè wo ojú ìyá rẹ̀, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ó ṣì wà lójú òfuurufú, nínú ọkọ̀. A bo ojú ẹ̀gbọ́n mi, a sì sin ín.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ náà wọlé, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. "Màámi dà?"

Mo sọ fún un pé a ti sin wọ́n. Ó yíjú sí àbúrò bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹ ó dúró dè mí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ńṣe ni ọkùnrin náà fa fóònù yọ. "Wò ó, wákàtí mọ́kànlá ló kọ síbí. Ìwọ lo pẹ́ lọ́nà."

Ọmọ náà kò wo fóònù. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́gbọ́n. Bí ọmọ tó wà lókèèrè bá bẹ̀ yín pé òun fẹ́ rí ojú ìyá òun báyìí, ẹ fi hàn án báyìí. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó bá fẹ́ máa ka wákàtí.