Ọjọ́ Tí Bàbá Àwòrò Bọ́ Bàtà

Ìgbà kan wà láyé mi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ènìyàn ni mo máa ń kọ́kọ́ rí kí n tó rí ojú rẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ara àti ẹrù èrò wò kí wọ́n tó wọ bàálù. Iṣẹ́ tèmi kò ju pé kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí n na abọ́ ike sí ènìyàn, kí n sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà, ẹ tú bẹ́líìtì." Mo rí ẹsẹ̀ olówó tó sán, mo rí ìbọ̀sẹ̀ alákọ̀wé tí àtàǹpàkò ti yọjú níbẹ̀, mo rí ìyàwó tó lé làálì sí ẹsẹ̀ kan tó gbàgbé èkejì. Ọmọ Àpòmù ni mí, n kò tí ì wọ bàálù rí, ṣùgbọ́n ká ní ẹ rí bí mo ṣe ń gbérí nínú yúnífọ́ọ̀mù yẹn! Bí mo bá lọ sílé lọ́jọ́ ìsinmi, n kì í bọ́ ọ kúrò lára títí màá fi yí gbogbo àdúgbò ká. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó máa ń béèrè pé bàálù mi mélòó ló gbéra lọ́jọ́ náà.

Ìkirè ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni àwòrò òrìṣà ilé wọn, òun ló ń bọ ọ́ nítorí gbogbo agboolé, Bàbá Àwòrò sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òfin kan wà tó de ẹni tó bá wà nípò náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi í jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ níbikíbi mọ́, àfi nínú ojúbọ, nítorí pé wọ́n gbà pé òrìṣà ló ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ bọ́ bàtà wọ yàrá ẹlòmíràn, wọn á tẹ́ ẹní tàbí aṣọ sílẹ̀ fún un. Bí ẹsẹ̀ náà bá fi lè kan ilẹ̀ pẹ́nrẹ́n, oyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sí ètùtù tó lè dá a padà. Nígbà tí mo bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn, mo máa ń rí ìyàwó rẹ̀ tí ń tẹ́ aṣọ láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé balùwẹ̀ ní àràárọ̀, tí yóò sì tún ká a nílẹ̀ láìráhùn. Bàbá ti wà lórí oyè náà kí wọ́n tó bí mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èrò pọ̀ láàárọ̀. Mo na abọ́ ike sí ẹni tó kàn, mo ní kó bọ́ bàtà. Bàtà náà ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀, bàtà awọ dúdú tí wọ́n fi ìṣó kan gìgísẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá Àwòrò ni, pẹ̀lú dòdò Ìkirè nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó sọ fún mi wéréwéré pé ọmọbìnrin òun wà nílé ìwòsàn ní Àbújá, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un lọ́jọ́ kejì, àti pé ọmọ náà ti yarí pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan òun àfi bí òun bá rí bàbá òun. Ọkọ ọmọ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó rántí sọ̀rọ̀ bàtà fún un.

"Ẹsẹ̀ mi wá ńkọ́ báyìí?" ló bi mí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá," ni mo dá a lóhùn. Mo bọ́ súẹ́tà yúnífọ́ọ̀mù mi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ti pinnu pé bí ó bá ti gùn ún, màá máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá sí òdìkejì. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi. Bàbá bọ́ bàtà, ó sọ ọ́ sínú abọ́ ike, ó sì dúró lórí súẹ́tà náà.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa dé, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́.

"Kí lò ń tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn? Wetin dey under am?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ó bi mí bóyá ẹbí mi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àṣé ìyẹn ló burú jù, nítorí òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yẹ ẹbí rẹ̀ wò.

"O fẹ́ bá ẹbí ẹ gbé nǹkan kọjá níbí? Mú káàdì ẹ wá. Máa lọ sílé." Ó na ọwọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàdì iṣẹ́ lọ́rùn mi.

Bàbá ń wò wá. "Ṣé wọ́n á lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí tèmi ni?" ló bi mí.

Mo yọ káàdì náà tán, mo fi lé ọ̀gá lọ́wọ́. Bàbá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí súẹ́tà, ó fi lé orí táìlì. Ó gbé tòsì tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọn súẹ́tà náà, ó ká a dáadáa, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, màdáámù," ló wí fún ọ̀gá wa. "Èmi ni mo ní kó tẹ́ ẹ. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀."

Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn kọjá. Ẹ̀rọ kò pariwo. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń pòṣé pé a ń fi àkókò ṣòfò. Ọ̀gá wo abẹ́ ibi tí súẹ́tà wà, kò rí nǹkan kan, ó sì dá káàdì mi padà. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí ẹni tó kàn bọ́ bàtà.

Ìgbà tí mo délé, tí èmi náà ń bọ́ bàtà, ni mo rí ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ǹ bá ti bọ́ ọ fún un, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀, torí a kì í ní kí èrò bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí bàbá padà dé, òun fúnra rẹ̀ ló pe gbogbo agboolé jọ. Kò sí ẹbí kan tó rí i lọ́jọ́ náà yàtọ̀ sí mi, ì bá sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ó jókòó síwájú gbogbo wa, ó ní ẹsẹ̀ òun ti kan ilẹ̀ ní pápákọ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí òun bọ́ bàtà. Àgbàlagbà kan fi ìbínú béèrè.

"Ta lọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà? Ṣé kò mọ àgbà ni?"

Bàbá wo yàrá náà yíká. Ojú rẹ̀ kàn mí, ó sì kọjá lọ. "N ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ojú gbogbo wọn jọra nínú yúnífọ́ọ̀mù."

Mo fẹ́ dìde. Ìyá mi, tí mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún, di orúnkún mi mú pinpin, mo sì jẹ́ kó dì í mú. Níṣojú mi ni wọ́n ṣe gba kọ́kọ́rọ́ ojúbọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé e fún àbúrò rẹ̀.

Ọdún náà kò tí ì parí tí mo fi kúrò ní pápákọ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Gbọ̀ngán ń wá awakọ̀, owó tiwọn sàn ju tàwa lọ, mo sì gbà á láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tí mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ tán ni mo tó rántí ohun tí bàbá fi ra iṣẹ́ náà padà fún mi.

Bàbá ṣì wà láyé. Iwájú ilé ló máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, bàtà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ọdún òrìṣà, ẹ̀yìn èrò ló máa ń dúró sí, nígbà tí wọ́n bá ń tẹ́ aṣọ fún ẹlòmíràn. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bi mí.

"Iṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà, bàbá."

"Kí wọ́n má lé ọ o," ni yóò wí, inú rẹ̀ á sì dùn dé ojú. "Kò já sásán nígbà náà."

Ojú máa ń tì mí débi pé n kì í lè wò ó. Mo máa ń wá àwáwí láti tètè lọ. Àdúgbò kejì ni mo máa ń páàkì ọkọ̀ ọ̀dà náà sí, kí bàbá má baà rí i.