Imú Ṣọlápé Nídìí Iṣẹ́ Àkàndé

Àkàndé kì í gbọ́ òórùn. Ibà kan ló ṣe é lọ́dún 1993. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ń ríran, etí rẹ̀ ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹja gbígbẹ ló ń tà nígbà náà ní ọjà Ọba, ní ìlú Benin. Kò pẹ́ tó fi ta ẹja tó ti bàjẹ́ fún obìnrin kan tó ń dáná ìsìnkú, gbogbo ọjà sì gbọ́. Ó palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, ó lọ jókòó sílé ní Oregbeni, ó ń wo Ṣọlápé ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ránṣọ.

Obìnrin aládùúgbò wọn kan, Èyítọ́pẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ló kọ́kọ́ fún un níṣẹ́ mìíràn. Síǹkì ilé ìdáná rẹ̀ ti dí, omi rẹ̀ ti kan. Èèyàn méjì ti wá tú u, àwọn méjèèjì fọwọ́ dí imú jáde. Àkàndé wọlé, ó tú páìpù ìsàlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì ń béèrè bí ọmọ obìnrin náà ṣe ń ṣe ní iléèwé, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ohun tó fà jáde jẹ́ ìṣù epo tó ti dì, pẹ̀lú ìrẹsì àti ìpẹ́ ẹja nínú rẹ̀. Omi ya lọ.

"Ẹ má da epo síbẹ̀ mọ́," ó ní. "Gbígbóná lẹ ń dà á, àmọ́ tó bá dénú páìpù, á tutù, á sì dì."

Èyítọ́pẹ́ sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn náà sọ fún ẹlòmíràn. Àkàndé lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún páìpù ṣe lẹ́bàá ọjà Santana, ó sì ra wáyà gígùn tó lọ́ bíi sípíríǹgì, èyí tí wọ́n máa ń yí wọnú páìpù títí yóò fi kan ohun tó dí i. Àwọn oníbàárà ní ó nígboyà. Ṣọlápé kì í jẹ́ kó wọlé láìkọ́kọ́ bọ́ aṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Mi ò gbọ́ òórùn kankan," Àkàndé á sọ.

"Àwa ń gbọ́," Ṣọlápé á dáhùn.

Lọ́dún 2004, wọ́n pè é sí ilé oníyàrá púpọ̀ kan ládùúgbò wọn. Omi ìdọ̀tí ti kún àgbàlá. Àwọn ayálégbé ní irun tí obìnrin onídìrí ń dà nù ló fà á. Onídìrí ní èèpo ẹ̀wà alákàrà ni. Àkàndé ò dá sí i. Ó ṣí ìdérí kọnkéré tó wà lórí kòtò tí gbogbo páìpù ilé ti pàdé. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣí i. Àwọn ayálégbé tú ká kíákíá. Àkàndé dojú bolẹ̀, ó ti orí bọ inú kòtò kó lè ríran dáadáa, ibẹ̀ ló sì dákú sí.

Ṣọlápé ló gbé oúnjẹ wá fún un. Òórùn náà bá a lẹ́nu géètì. Ó rí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, kò rí orí. Ó fi abọ́ sílẹ̀, ó dá èémí dúró, ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ó sì wọ́ ọ títí dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ló tó pariwo pe àwọn èèyàn.

Ní kílíníìkì, dókítà ní afẹ́fẹ́ inú kòtò yẹn lè pa ènìyàn, imú ló sì sábà máa ń kìlọ̀ fúnni.

"Bíi ẹyin tó ti rà ló ń rùn," Ṣọlápé sọ fún ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

Àkàndé ká aṣọ ìbora kúrò lára. "Iṣẹ́ yẹn ò tíì parí," ó ní.

"Mo mọ ìyẹn náà. Tẹ́ ẹ bá ti lè dìde, a jọ ń lọ ni, Bàbá Dámisí."

Wọ́n jọ lọ. Ṣọlápé gbé àpótí ìjókòó dání. Ó ní kó ṣí ìdérí, kó sì kúrò nídìí rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi fẹ́ sí i dáadáa. Kò jẹ́ kó ti orí bọ ibẹ̀ mọ́. Orí ìdúró ni Àkàndé ti yí wáyà náà wọlé, ó sì fa irun, èèpo ẹ̀wà àti ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ra wọn jáde.

"Ti ta ni?" onílé béèrè.

"Ti gbogbo wọn ni," Àkàndé dáhùn.

Láti ọjọ́ náà, òun nìkan kì í dá lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ṣọlápé á gbóòórùn, á ní, "Ti ilé ìdáná nìyí," tàbí, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni," Àkàndé á sì mọ páìpù tí yóò kọ́kọ́ tú. Olúwadámisí ọmọ wọn, tí kì í fi Yorùbá dáhùn, bi ìyá rẹ̀ pé, "Mummy, you don turn plumber?" Ṣọlápé ní rárá, aránṣọ lòun. Ó ń gbé aṣọ tó fẹ́ fọwọ́ rán létí dání, ó sì ń rán an níbi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2012, orúnkún ti ń dun Ṣọlápé, kì í lè wọ àgbàlá tó bá ní àtẹ̀gùn. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, ó ń kígbe wọlé pé òórùn náà ò tíì lọ, kí Àkàndé ṣì dúró ná, Àkàndé á sì dúró.